Kí ni àwọn ará Kòríà yìí ń sọ nínú orin tó ń lé oorun lójú wa ní ṣọ́ọ̀bù?

ArẹwàTélọ̀
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ìgbà tí ìnáwó bá ku ọ̀la ni oníbàárà máa ń rántí pé aṣọ ẹbí òun wà lọ́dọ̀ télọ̀. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ-iṣẹ́ mi kì í fojú kan oorun.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fi orin kan ránṣẹ́ sí mi. "Fly" ni wọ́n ń pè é, àwọn Epik High ti ilẹ̀ Kòríà ló kọ ọ́. Ó ní inú gémù bọ́ọ̀lù lòun ti mọ̀ ọ́n nígbà tóun ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ráàpù ni. Yàtọ̀ sí "fly" tí wọ́n ń pè ṣáá, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé báyìí, ẹsẹ̀ gbogbo wa á yá lórí ẹ̀rọ. Ọmọ-iṣẹ́ mi tó máa ń tòògbé jù lọ ló máa ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ dá a padà."

Ibi tí wàhálà ti wá nìyí. Màmá kan tó jẹ́ oníbàárà mi wá gba aṣọ, wọ́n gbọ́ orin náà, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bó bá jẹ́ èpè ni wọ́n ń ṣẹ́ lé yín lórí ńkọ́? Ẹ ẹ́ sì máa ṣe àmín sí i." Àgbàlagbà ni wọ́n, mi ò lè dá wọn lóhùn. Láti ọjọ́ náà, méjì nínú àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀: kí ni wọ́n ń sọ gan-an? Kí ló dé tí orin téèyàn ò gbọ́ fi ń ta èèyàn jí tó báyìí? Tẹ́ ẹ bá sì mọ òmíràn tó ń fúnni lókun bẹ́ẹ̀, tí ìsọkúsọ ò sí nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ẹ̀.

ỌmọOlúmọ
Àǹtí, BTS nìyẹn, àwọn ọmọkùnrin olórin Kòríà yẹn. Ẹ má wo ti màmá yẹn jàre. Ẹ yí i sókè!

BàbáGémù
BTS bí ti báwo? Ọdún 2005 ni "Fly" jáde, nínú àwo Epik High tó ń jẹ́ Swan Songs. Ọdún 2013 ni BTS tó bẹ̀rẹ̀.

Gémù tí àbúrò yín ń sọ, FIFA 07 ni. Mo ní ilé gémù n'Íbàdàn nígbà náà, orin yẹn kì í sinmi létí mi. Kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́ ló máa ń dún o, ìgbà téèyàn bá ṣì ń yan ẹgbẹ́ ni. Àwọn ọmọ á máa mi orí, wọ́n á máa fi ẹnu halẹ̀ mọ́ ara wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn kan ní Ṣáínà ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń gbá gémù ti gbọ́ ráàpù Kòríà láìmọ̀, ó tó ọdún mélòó kan kí "Gangnam Style" ti Psy, ará Kòríà, tó gba gbogbo ayé ní 2012.

Àwọn mẹ́ta ni Epik High. Tablo àti Mithra Jin ló ń ráàpù, DJ Tukutz ló ń yí àwo. Àwo wọn méjì ti jáde ṣáájú, wọ́n sì rò pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí lè jẹ́ ìkẹyìn, ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un lórúkọ orin ìdágbére. Àfi bí "Fly" ṣe sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ló kọ orin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn. Ṣé irú ẹ̀ á wá ṣe aláìlágbára?

Akẹ́kọ̀ọ́_Daejeon
Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ìwé ni mò ń kà lọ́hùn-ún, nílùú Daejeon ní Kòríà, mo sì ti ń gbọ́ èdè wọn dáadáa. Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí èpè níbẹ̀, kò sí èébú. Ẹni tí ayé ti sú ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bi í bóyá nǹkan le fún un, wọ́n wá ń sọ fún un pé ó lè fò, kó gbéra. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tó wá yé mi ni pé ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ orin náà bani nínú jẹ́ ju bí ohùn ẹ̀ ṣe ń dún lọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè á rò pé àríyá ni.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má bínú, ìbéèrè màmá yẹn ní láárí. Kì í ṣe gbogbo ráàpù ibí ló ń gbani níyànjú. Láti 2012 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Mnet ti ń ṣe ìdíje kan tó ń jẹ́ Show Me the Money. Orúkọ ẹ̀ lásán ti sọ gbogbo ẹ̀ tán. Kí wọ́n máa bú ara wọn lójú gbogbo èèyàn wà lára ìdíje ọ̀hún, bí owó àti ọkọ̀ tí wọ́n rà ṣe pọ̀ tó sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi orin kà látòkè délẹ̀. Ohùn á máa dún bí ẹni ń gba yín níyànjú, kó sì jẹ́ pé ìyá ẹlòmíì ni wọ́n ń bú.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nìyí. Lórí Melon àtàwọn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin níbí, orin tí kò yẹ fún ọmọdé máa ń ní àmì 19. Lórí Spotify, lẹ́tà E ni ẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin. Àmì yẹn nìkan ò tó o, torí pé èébú tí wọ́n fi dọ́gbọ́n sọ lè yọ́ kọjá. Ẹ wá ìtumọ̀ tí èèyàn ṣe, kẹ́ ẹ ka méjì pa pọ̀. Èyí tí kọ̀ǹpútà bá túmọ̀ kì í mọ èdè ìgboro.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo
Èmi wà lẹ́yìn màmá yẹn o. Ṣé fújì ti tán nílẹ̀ ni? Ṣé àpàlà ti parẹ́ ni? Orin tó bá yé mi ló ń wọ̀ mí lára. Ẹ ń mi orí sí ohun tí ẹ ò gbọ́, ẹ ò mọ ẹni tí wọ́n ń kì, ẹ ò mọ ẹni tí wọ́n ń bú. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣe àmín sí àṣìṣe.

AyánDélé
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọgbọ́n. Ìdí ìlù ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti lùlù fún àwọn onífújì títí ilẹ̀ fi mọ́. Fújì dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lóru kẹ́ ẹ wá wò ó. Bí olórin bá ti ń ki èèyàn, ọmọ-iṣẹ́ á dáwọ́ dúró kó lè gbọ́ ẹni tí wọ́n ń kì. Bí dùndún bá pòwe, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ohun tó sọ. Èdè wa ni kò jẹ́. Ohùn wà nínú ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì wà nínú ìlù, etí Yorùbá kì í gbọ́ orin lásán, ìtumọ̀ ló ń wá kiri. Nígbà tí ará Kòríà bá wá ń ráàpù, kò sí ohun tí etí ń wá. Ẹnu ọ̀gbẹ́ni yẹn á di ìlù fún wa, ara á sì rí àyè gbà á.

Lẹ́yìn tí mo ka ohun tí àǹtí kọ, mo gbọ́ "Fly", mo sì tún gbọ́ ọ. Gbogbo ọgbọ́n ráàpù wà níbẹ̀. Ìlù ńlá á bọ́ sílẹ̀, èyí tó ń ró pàá á dáhùn lórí ìkejì àti ìkẹrin bẹ́ ẹ bá ń kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, kò sì ní yẹ̀. Ìlù tí kì í yẹ̀ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ oníṣẹ́ máa ń fẹ́. Ẹni tó ń ráàpù wá ń kó ọ̀rọ̀ lé e. Nígbà míì á ṣáájú ìlù, nígbà míì á fà sẹ́yìn díẹ̀, á wá bá a níbi tí ẹ ò fọkàn sí. Ọ̀rọ̀ á pọ̀, á há, èémí á fẹ́ẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà lègbè á wọlé, ohùn á gùn, àyè á ṣí. Àyè tó ṣí yẹn lara ń dúró dè látìgbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ yín ní kẹ́ ẹ dá a padà.

Ní tèmi, ìtumọ̀ ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ìlù ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Daejeon
Bàbá Àyàn, mo dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo gbà, àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí ẹnu wọn fi ń dún bí ìlù. K mẹ́ta ni wọ́n ní, t mẹ́ta, p mẹ́ta. Ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan ń tú afẹ́fẹ́ jáde, ọ̀kan le, bí ẹni pé wọ́n há ọ̀fun mọ́ kí wọ́n tó jù ú sílẹ̀. Ẹni tó mọ ráàpù á máa to àwọn tó le yẹn sí ibi tí ìlù ti bọ́. Ohùn pẹ̀lú, kò yẹ ká ní kò sí rárá. Ní Seoul kò sí irú tiwa, ṣùgbọ́n níhà Gyeongsang, lọ́wọ́ Busan àti Daegu, ohùn tó lọ sókè tàbí tó wálẹ̀ lè yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Bí ará ibẹ̀ bá ń ráàpù pẹ̀lú èdè àdúgbò ẹ̀, ẹ ẹ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìṣòro wọn ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń parí gbólóhùn, ìparí wọn sì jọra. Ọmọdé pàápàá lè fi ìyẹn ṣe orin tí ẹnu ìlà ẹ̀ bára mu, kíákíá ló sì ń súni. Ọdún 2001 ni Verbal Jint, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ráàpù níbí, gbé àwo ẹ̀ Modern Rhymes jáde, ó sì hàn níbẹ̀ pé èèyàn lè mú ìró ọ̀rọ̀ gígùn bára dọ́gba láàárín gbólóhùn, kì í ṣe ní ìparí nìkan. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Àwọn tó ń gbọ́ ọ níbí, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Ẹ wo Tablo fúnra ẹ̀. Ní 2010, àwọn kan kóra jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní irọ́ ló ń pa pé òun kàwé gboyè ní Stanford. Yunifásítì ní òótọ́ ni. Ọlọ́pàá wádìí ẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni. Síbẹ̀ ojú ẹ̀ rí màbo kó tó padà sídìí orin. Ẹni tó mọ ìtàn yẹn, tó wá gbọ́ ọ níbi tó ti ń sọ fún ẹlòmíì pé kó gbéra, kò ní gbọ́ ọ bí ìlù lásán.

Bàbá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìlù ìbílẹ̀ wọn ti pàdé ráàpù, ẹ wá "Daechwita" gbọ́. Suga ti BTS ló kọ ọ́ ní 2020, orúkọ tó fi jáde ni Agust D.

Láyémi_London
Ìyá Ìbejì, ẹ̀ ń pè é ní orin àjèjì. Ta ló bí ráàpù? Ṣebí àwọn ènìyàn dúdú ní Bronx, ní New York, ni, láti 1973. Ohun tó jáde láti ara àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ ló gba Kòríà kọjá kó tó padà dé Abẹ́òkúta.

Itòsí New Malden ni mò ń gbé, níbi tí àwọn ará Kòríà pọ̀ sí jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà tó mọ̀ nípa orin yìí níbẹ̀ kì í jẹ́ ká gbàgbé Tiger JK. Seoul ni wọ́n bí i sí, Los Angeles ló ti dàgbà, òun ló kó ẹgbẹ́ ráàpù ẹ̀, Drunken Tiger, wọlé ní 1999. Ìyàwó ẹ̀, Yoon Mi-rae, bàbá tiẹ̀ jẹ́ sójà Amẹ́ríkà tó jẹ́ ènìyàn dúdú, ará Kòríà ni ìyá ẹ̀. Ní 2007 ó kọ "Black Happiness", nípa ojú tí wọ́n fi wo àwọ̀ ara ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò sáré bíi "Fly", ẹ má gbé e sí ìdí ẹ̀rọ lóru. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ-iṣẹ́ àǹtí bá ń wá orin tó ń fúnni lọ́kàn, kí wọ́n ka ìtumọ̀ ìyẹn.

Mi ò wá sọ pé gbogbo wọn ló ń bọ̀wọ̀ fún orísun ẹ̀ o. Àwọn kan á di irun wa, wọ́n á fi ẹnu wa sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá pàdé ènìyàn dúdú lójú pópó, wọ́n á fo títì sí òdìkejì. Irú wọn ò rí àtẹ́wọ́ mi gbà.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo
Láyémi ọmọ mi, o fẹ́ fi ọgbọ́n mú mi. Ó dáa, mo gbọ́. Fújì mi ò lọ síbì kankan ṣá.

ỌgáTélọ̀_Mushin
Télọ̀ ló béèrè, ẹ̀yin ń kọ́ ọ ní ìtàn. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ dá a lóhùn.

Àbúrò, má gbé orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé aṣọ. Ìdákẹ́jẹ́ ni téèpù àti àlùmọ́gàjí ń fẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ mi kan tẹ̀ lé ìlù, ó fi àlùmọ́gàjí gba ibi tí kò yẹ lára léèsì oníbàárà, èmi ni mo sì san owó ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti gé tán, tó ku kẹ́ ẹ so ó pọ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ etí ẹ̀, ẹ gbé ráàpù sí i. Ìgbà yẹn ló wúlò, torí ohun kan náà lọwọ́ ń ṣe léraléra, ọpọlọ lo fẹ́ kó má sùn.

Ohun kejì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí etí nídìí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ dá máa ń yí ohùn padà kó tó dá. Ẹ jẹ́ kó máa dún láti ara spíkà, kó má sì bo ohùn ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

ỌmọOlúmọ
Àwọn àgbà, ẹ ṣé. Orin ni àǹtí ní ká dárúkọ o. "Not Today" ti BTS, 2017, orin àwọn tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni, wọ́n ní àwọn ò ní ṣubú lónìí. "God's Menu" ti Stray Kids, ẹgbẹ́ olórin Kòríà mìíràn, 2020, wọ́n fi ara wọn ṣe alásè, orin ni oúnjẹ tí wọ́n ń sè. Ìlù ìyẹn á fẹ́ẹ̀ gbé òrùlé ṣọ́ọ̀bù yín.

BàbáGémù
Kò burú, àmọ́ orin àwọn ọmọ tí iléeṣẹ́ kó jọ, tí wọ́n kọ́ ní ijó, nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí hip-hop. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ráàpù gidi tó mọ́, ẹ wá BewhY. Òun ló gba ipò kìíní ní Show Me the Money ti 2016, onígbàgbọ́ ni, ó sì máa ń dárúkọ Ọlọ́run nínú ráàpù ẹ̀ láìtijú. "Forever" tó kọ nínú ìdíje yẹn, ẹ gbọ́ bó ṣe ń sáré tí ọ̀rọ̀ kan ò sì gorí èkejì. Kódà màmá yẹn á ṣe àmín.

ỌmọOlúmọ
Ẹ̀gbọ́n, RM àti Suga ti ń ráàpù nígboro kí BTS tó dáyé. Àwọn mẹ́ta nínú Stray Kids tó ń jẹ́ 3RACHA ló ń kọ orin wọn fúnra wọn. Bí ẹni tó kọ ráàpù ẹ̀ fúnra ẹ̀ bá tún mọ ijó jó, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Olùkọ́_Ìjẹ̀búÒde
Mo fẹ́ yà bà níbí díẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń múra JAMB ti ń fi irú orin yìí kàwé, wọ́n ní ó ń fún wọn lágbára. Ǹjẹ́ ó tọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Daejeon
Ọ̀gá, kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó jókòó, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń sinmi. Àwọn ará ibí gan-an ń sá fún un. Ìdánwò àṣewọlé yunifásítì wọn ń wáyé lóṣù kọkànlá, wọ́n sì kà á sí débi pé ọkọ̀ òfuurufú kì í gbéra, kì í sì í balẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣe apá tí wọ́n ti ń fetí gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ní àwọn orin kan tí wọ́n ń pè ní èèwọ̀ ìdánwò. Kò sí òfin lórí ẹ̀ o, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn, torí ègbè irú orin bẹ́ẹ̀ kì í jáde lórí mọ́. "Ring Ding Dong" ti ẹgbẹ́ olórin SHINee, 2009, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ á fẹ́ ṣe ìṣirò, ègbè á máa yí lórí ẹ̀.

ArẹwàTélọ̀
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo wá ìtumọ̀ "Fly", mo kà á fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ mi ní Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó yarí ti gbà. Èkejì ní òun ti gbọ́ pé kò sí èpè níbẹ̀, àmọ́ Ìyá Ìbejì ló sọ̀rọ̀ fún òun, fújì lòun fẹ́. A ti wá pín òru: fújì títí di agogo méjìlá, Kòríà láti ìgbà náà lọ, nígbà tí oorun bá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí a bá ń gé aṣọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan sí i. Ọ̀gá Mushin, ẹ ṣé fún ìyẹn, léèsì kan wà nílẹ̀ báyìí tó ń bà mí lẹ́rù.

"Forever" wọ̀ wá lára. "God's Menu" ti pọ̀ jù fún mi, àwọn ọmọ ló fẹ́ràn ẹ̀.

AyánDélé
Akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ "Daechwita". Fèrè wo ló ń ké gbooro yẹn? Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ń fọn kàkàkí fún Aláàfin. Àwọn ìlù tó tẹ̀ lé e náà, ti ọba ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún onílù pé ọba ló ń bọ̀ lọ́nà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Daejeon
Bàbá, ẹ kú etí! Orin tí àwọn ológun fi ń sin ọba jáde láyé àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní daechwita. Nabal ni wọ́n ń pe fèrè gígùn yẹn, idẹ ni, ohùn kan ṣoṣo ló sì ní, kò lè kọ orin. Èyí tó ń ké tínrín lókè ẹ̀ ni taepyeongso, òun ló ń mú orin. Wọ́n ṣì ń fọn wọ́n ní ààfin Gyeongbokgung ní Seoul, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àfihàn bí ẹ̀ṣọ́ ọba ṣe ń pààrọ̀.

Àǹtí Arẹwà, ẹ má gbé èyí sí ṣọ́ọ̀bù o. Ìyangàn pọ̀ níbẹ̀, èébú sì wà nínú ẹ̀. Bí màmá yẹn bá lọ rí ẹni túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, mi ò sí níbẹ̀.